Iná Tí A Gbé Lọ Síbi Epo

Láti ìgbà tí ìròyìn ti dé Ẹdẹ pé wọ́n ti rí epo rọ̀bì ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, létí òkun, ìloro mi kò dá mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ń wá, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n á ní, "Bàbá, a gbọ́ pé ẹ ti ṣiṣẹ́ epo rí, nígbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ṣé ká lọ, àbí ká jókòó?" Ẹlòmíràn nínú wọn kò lè pọn omi kún ìkòkò ìyá rẹ̀ kó má mí hẹlẹ, òun náà fẹ́ lọ gbẹ́ ilẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ayé. Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀rín á kúrò lẹ́nu mi.

Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo pe ọmọ ọmọ mi tó jẹ́ tíṣà, mo ní kó jókòó, kó máa kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ẹ kà á kí ẹ tó wá kí mi. Epo tí àwa wá nígbà náà, a kò rí i. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa retí ìtàn ọlà. Ohun tí a rí ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ kọ́ ni mí. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ó sì rí i pé ọwọ́ mi kì í gbé jẹ́ẹ́, ló bá fà mí lé Bàbá Ògúndélé lọ́wọ́, ẹni tí àgbẹ̀dẹ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà odò Ọ̀ṣun, pé kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rọ ọkọ́ àti àdá. Ọdún tí mo débẹ̀, n kò fọwọ́ kan irin. Ẹwìrì ni mo fi ń fínná láti àárọ̀ dalẹ́, apá mi sì ń ro mí títí mo fi ń sùn.

Bàbá kì í pariwo. Bí o bá ṣe àṣìṣe, á kàn fi ẹmú gba irin náà lọ́wọ́ rẹ, á sọ ọ́ padà sínú iná, á ní, "Tún un ṣe." Mo ti tún ọkọ́ kan ṣoṣo ṣe rí láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, mò ń sunkún, ó ń wò mí. Nígbà tó yá ó gbé e yẹ̀ wò, ó ní, "Èyí dáa," ó sì jù ú sáàárín àwọn àlòkù irin. Mo lanu sílẹ̀. Ó ní, "Èyí tó ń bọ̀ la máa tà."

Dáre ni ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Ògúndáre gan-an lorúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ ni wá, a jọ ń fínná, a jọ ń jẹun nínú àwo kan. Á fi ẹran tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ iyán kí n lè rò pé ó ti jẹ ẹ́, bí mo bá wá jẹ tèmi tán, á yọ tirẹ̀ jáde, á máa fi eyín tú u díẹ̀díẹ̀ lójú mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ ìyá mi. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀.

Ohun kan wà tí Bàbá kì í fi ṣeré, iná sì ni. Iná ilé wọn kì í kú. Láti ọwọ́ baba baba rẹ̀ ló ti ń bọ̀. Bí a bá ṣíwọ́ nírọ̀lẹ́, eérú la fi ń bo ẹyín iná náà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó wú eérú kúrò, a ó fi èédú tuntun sí i, a ó máa fín in lọ. Omi kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ọpọ́n omi tí a fi ń rẹ irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná o, ṣùgbọ́n bí o bá yọ irin jáde nínú omi, o gbọ́dọ̀ yà bàrá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò títí irin náà yóò fi ro gbẹ.

Nígbà tí Dáre ṣì kéré, oorun gbé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan tó yẹ kó bọ́ iná, iná sì kú. Bàbá nà án, ṣùgbọ́n ẹgba kọ́ ló dùn ún. Bàbá gbé ìkòkò kan, ó fẹsẹ̀ rìn dé ìlú Awo, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé, ẹni tí wọ́n jọ pín iná náà lọ́wọ́ bàbá wọn, ó lọ tọrọ iná. Ó padà sílé. Ó gbé ìkòkò náà kalẹ̀ níwájú Dáre, ó ní, "Ojú tì mí lónìí nítorí rẹ. Má jẹ́ kó kú mọ́." Láti ọjọ́ náà, oorun kò gbé Dáre lọ mọ́. Kò sí ohun tí ọmọ yẹn kò lè fi ṣe àwàdà, àfi iná.

Bí a ṣe dé ibi epo kò gba àlàyé púpọ̀. Reluwé ti ń gba Ẹdẹ kọjá nígbà náà. Aṣojú àwọn òyìnbó kan ń wá alágbẹ̀dẹ tó lè lu irin ńlá, wọ́n júwe Bàbá fún un, ó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì jọ ṣe àdéhùn. Owó rẹ̀ ju owó ọkọ́ lọ. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá Dáre sìn wá dé ibùdókọ̀ reluwé. Àdín ni obìnrin náà ń ṣe, gbogbo ara rẹ̀ kì í yéé rùn fún òórùn ẹ̀kùrọ́. Ó ní, "Epo wo gan-an ni wọ́n ń wá nínú ilẹ̀? Ṣé èyí tí mò ń fún níhìn-ín ò tó wọn ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló gbé ìkòkò iná lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Àṣà ilé wọn ni pé bí alágbẹ̀dẹ bá ń gbé iná lọ sí ìdálẹ̀, ìyàwó rẹ̀ á bù díẹ̀ sílẹ̀ sínú ààrò tirẹ̀ nílé, á sì máa tọ́jú rẹ̀ títí ọkọ yóò fi dé. Obìnrin náà ti bu tirẹ̀. Ó di àgbọ̀n Dáre mú, ó sì kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Dáre, iná méjì lẹ gbé lọ yìí o. Ẹ bá mi gbé méjèèjì padà."

Bàbá ní, "Mo gbọ́."

Àwọn oníreluwé kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé iná wọlé. Dáre fi ìkòkò náà sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó da aṣọ bò ó, ó sì jókòó bí ẹni tí inú ń run. Nígbà tí èéfín díẹ̀ jáde, ọkùnrin kan béèrè pé kí ló ń rùn. Dáre ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀wà ni mo jẹ." Títí a fi dé Èkó, kò sẹ́ni tó tún jókòó tì wá.

Láti Èkó, ọkọ̀ ojú omi la wọ̀, a gba ojú ọ̀sà lọ sí ìlà oòrùn títí a fi dé ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ilẹ̀ tó ń sun ọ̀dà. Dúdú ni, ó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, àwọn apẹja ibẹ̀ sì máa ń fi dí ojú ihò ọkọ̀ wọn. Òyìnbó rí ọ̀dà yìí, wọ́n ní epo gan-an wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí a ṣáà lu ilẹ̀ náà jinlẹ̀ dáadáa. Igbó ni, ẹrẹ̀ ni, ẹ̀fọn sì kún ibẹ̀ bíi pé wọ́n san owó fún wọn.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń ṣe é, nítorí wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n á fi igi kọ́ ilé gogoro kan. Láti òkè rẹ̀ ni okùn ńlá ti sọ̀ kalẹ̀, irin kan tó ga ju èèyàn lọ sì wà lẹ́nu okùn náà. Ẹ̀rọ tí iná àti omi ń mú ṣiṣẹ́ á fa irin náà sókè, á jọ̀wọ́ rẹ̀, gbìì. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe láti àárọ̀ dalẹ́. Bí irin náà bá ti kú lẹ́nu, wọ́n á fà á jáde, wọ́n á gbé e wá fún àwa alágbẹ̀dẹ kí a pọ́n ọn, kí a tún ẹnu rẹ̀ rọ. Èmi àti Dáre á kọjú síra wa, a ó máa lù ú lọ́kọ̀ọ̀kan, Bàbá á máa fi owú kékeré tọ́ka ibi tí a ó lù. Nígbà míràn a kì í sọ̀rọ̀ kankan títí a fi parí rẹ̀. Inú mi máa ń dùn lákòókò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ayọ̀ iṣẹ́ wà, n kò ní purọ́ fún yín.

Òyìnbó tó jẹ́ olórí níbi kànga epo tí à ń lù náà, Onírùngbọ̀n là ń pè é. Òun ló fà mí sídìí okùn, pé kí n máa wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun nígbà tí iṣẹ́ bá fúyẹ́ ní àgbẹ̀dẹ. Á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé okùn, á di ojú, á sì mọ̀ bóyá òkúta ni irin ń lù nísàlẹ̀ tàbí yanrìn. Bí o bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ wà lára okùn, á gbá ọ lórí. Ó le bíi Bàbá, ó sì mọṣẹ́ bíi Bàbá.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ onírin kan tí a ń fọwọ́ yí wá rọ́pò ẹwìrì wa. Bàbá gbà á. Wọ́n kó èédú òkúta wá láti òkè òkun. Bàbá rojọ́ díẹ̀, ó gba ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan ògbufọ̀ mú ìṣáná wá, ó ní òyìnbó sọ pé èédú ń ṣòfò, kí Bàbá máa pa iná lálaalẹ́, kó máa fi ìṣáná dá òmíràn láàárọ̀. Bàbá yí ìṣáná náà wò lọ́wọ́. Ó bi í pé, "Ìyẹn á wá jẹ́ iná ta ni?" Ó dá ìṣáná náà padà fún ògbufọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọwọ́ mi wà lára okùn, okùn náà sì dẹ̀ lójijì. Kànga náà kùn bí inú ẹranko ńlá. Ẹrẹ̀ tú jáde, afẹ́fẹ́ tẹ̀ lé e, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Onírùngbọ̀n pariwo kan tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Wọ́n pa iná ẹ̀rọ, wọ́n pa iná àwọn alásè, wọ́n gba ìkòkò tábà lẹ́nu àwọn àgbà. Gààrì tí a fi omi tútù rẹ la jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ògbufọ̀ wá sí àgbẹ̀dẹ wa. Ó ní, "Bàbá, òyìnbó ní kí ẹ pa iná o. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde yẹn, bó bá fojú kan iná, ó parí."

Bàbá ní, "Mo ti gbọ́. Ẹ sọ fún wọn pé a ti ṣíwọ́."

Ó fi eérú bo iná náà, ó bò ó nípọn, ó tún fi àpáàdì dé e lórí. Kì í ṣe pé ó ń ṣe orí kunkun. Lọ́kàn tirẹ̀, iná tí a ti bò kò sí nílẹ̀ mọ́ títí a ó fi tún un ṣí. Ó sọ fún èmi àti Dáre pé, "Látìgbà tí wọ́n ti bí bàbá mi la ti ń bò ó báyìí. Ta ló jó rí?" Lóòótọ́, kò sí. Àgbẹ̀dẹ náà sì jìnnà sí kànga, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, lẹ́bàá odò kékeré kan. Àwa náà rò pé ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹnì kankan kò sọ fún wa pé oru epo tó bá afẹ́fẹ́ yẹn jáde wúwo, pé ilẹ̀ ló ń rá gbà, pé pẹ̀tẹ́lẹ̀ ló ń wọ́ lọ bí omi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀, ewé kan kò mì. Wọ́n pe gbogbo ọkùnrin láti wá gbé irin tí wọ́n fẹ́ fi dé ẹnu kànga. Èmi wà níbẹ̀, Bàbá àti Dáre wà níbẹ̀. Mo rí i pé ara Bàbá kò lélẹ̀. Iná tí a bò kì í pẹ́ láàárọ̀ kó tó kú bí a kò bá bọ́ ọ. Ó pe Dáre.

"Lọ wo iná. Fi èédú díẹ̀ sí i, kó má kú."

Dáre rẹ́rìn-ín. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ẹ ẹ̀ ní í tún fẹsẹ̀ rìn dé Awo." Ó gbé agbọ̀n èédú, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú kùrukùru náà.

Ìmọ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, kì í ṣe ariwo. Gbogbo kùrukùru náà pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Iná gba ilẹ̀ gòkè wá bá wa, ó ń sáré. Onírùngbọ̀n tì mí sínú kòtò ẹrẹ̀, ìdí tí mo fi wà láàyè nìyẹn. Nígbà tí mo gbórí sókè, ilé gogoro ti ń jó, àwọn èèyàn ń ké, Bàbá sì ti ń sáré lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀.

A bá Dáre lẹ́bàá odò. N kò ní sọ bó ṣe rí. Bàbá kúnlẹ̀ tì í. Dáre mọ̀ pé bàbá òun ni, ó la ẹnu, ó ní, "Bàbá, iná ò kú. Mo ti fi èédú sí i."

Bàbá ní, "O ṣeun, ọmọ mi."

Kò pẹ́ rárá tó fi dákẹ́. Bàbá dìde, ó lọ sí àgbẹ̀dẹ. Òrùlé ti lọ, ṣùgbọ́n ẹyín iná ṣì wà nínú ààrò, wọ́n pọ́n dẹ̀dẹ̀ lórí èédú tí Dáre fi sí i. Bàbá gbé ọpọ́n omi, ó da gbogbo rẹ̀ lé e lórí. N kò tíì gbọ́ ariwo yẹn rí nínú àgbẹ̀dẹ rẹ̀. Ó bu eérú tútù náà sínú ìkòkò tí a gbé wá láti Ẹdẹ, ó dé e.

Ibẹ̀ la sin Dáre sí. Èmi ni mo tẹ̀ lé Bàbá padà sílé. Kò jẹ́ kí n bá òun gbé ìkòkò náà nínú ọkọ̀ ojú omi, kò jẹ́ kí n gbé e nínú reluwé.

Ìyá Dáre wà nídìí àdín rẹ̀ nígbà tí a wọlé. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó wo ẹ̀yìn wa. Ó ṣí ìkòkò náà.

"Ta ló da omi sí i?"

"Èmi ni."

"Dáre ńkọ́?"

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Bàbá gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí n dákẹ́. "Èmi ni mo rán an níṣẹ́," ó ní. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín èèpo ẹ̀kùrọ́, kò sì bú u. Ó dùn mí ju bí ì bá ṣe bú u lọ.

Bàbá kò gbé owú mọ́ títí ó fi kú. Èmi padà síbi epo, nítorí àdéhùn kò tíì pé, a sì tún lu kànga mìíràn. Ọ̀dà la rí, àti omi iyọ̀. Nígbà tó yá, ogun Jámánì bẹ́ sílẹ̀, àwọn òyìnbó di ẹrù wọn, wọ́n fi igi dí ẹnu páìpù, igbó sì gba ibẹ̀. Ojú iṣẹ́ tó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kò sí ìgò epo kan tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí pé ó ti ibẹ̀ jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn mo ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ń gbẹ́ kànga omi fún ìjọba. Ibi púpọ̀ ni mo dé, láti Ìlọrin dé Abẹ́òkúta, ọwọ́ mi lára okùn. Mo fún ọ̀pọ̀ ìlú ní omi, inú mi sì dùn sí i. Nígbà tó ṣe, ẹ̀rọ tuntun dé, èyí tó ń yí páìpù bírí dípò kó máa sọ irin mọ́lẹ̀. Kò sí okùn tí a ó gbé ọwọ́ lé mọ́. Wọ́n ní ó yá ju tiwa lọ, òótọ́ ni. Èmi kò gbọ́ ohun tí ilẹ̀ ń sọ mọ́, mo kó ẹrù mi, mo padà sí Ẹdẹ.

Ọjọ́ tí mo ṣí àgbẹ̀dẹ tèmi, Ìyá Dáre wọlé. Ó ti di arúgbó, òórùn àdín ṣì wà lára rẹ̀. Ìkòkò ọjọ́sí ló gbé dání, ẹyín iná sì wà nínú rẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, obìnrin náà kò jẹ́ kí iná ààrò rẹ̀ kú.

"Àkànbí, Dáre ni mò ń tọ́jú ẹ̀ fún. Gbà á. Ṣùgbọ́n bó o bá ti ń ṣíwọ́, omi ni kó o dà sí i. Má bò ó."

Mo ní, "Ìyá, bí mo bá pa á, kí ni mo máa fi dá a lọ́la?"

"O ò ní í wá gbà á lọ́wọ́ mi ni?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Bí ilẹ̀ bá mọ́, èmi tí mo ti bímọ, tí mo ti ní ọmọ ọmọ, á dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, Ìyá á ní kí n jẹ ẹ̀kọ kí n tó lọ, á sì bu iná fún mi. Nírọ̀lẹ́, á wá jókòó sórí àpótí níwájú àgbẹ̀dẹ. Bí mo bá ti da omi lé iná, tó gbọ́ ariwo rẹ̀, á ní, "Ó ti kú," á dìde, á máa lọ sílé lọ sùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè bóyá kí ẹ lọ síbi epo, n kò ní kí ẹ má lọ. Ẹ gbọ́ràn sí ọ̀gá yín lẹ́nu, kí ẹ mọṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ẹ pa iná, ẹ dákun, ẹ da omi sí i. Bó jẹ́ bàbá yín ló ní kí ẹ fi eérú bò ó, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún un, kí ẹ sì da omi sí i.

Ọjọ́ tí a sin Ìyá Dáre, èmi ni mo fi omi pa iná ààrò rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ mi gbé mi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí n tó rántí. Mo yà sí ìsọ̀, mo ra ìṣáná, mo ṣá a, èédú sì gbiná. Mo jókòó síwájú rẹ̀ títí oòrùn fi mú, n kò gbé owú, nítorí n kò mọ iná ta ni.